Ẹ má fi ohùn gba òṣìṣẹ́: bí a ṣe ń gba ẹni tí yóò máa ti ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́

Ohùn ló tàn mí jẹ. Nígbà tí mo kọ́kọ́ wá ẹni tí yóò máa ti ilé rẹ̀ dá àwọn oníbàárà mi lóhùn lórí WhatsApp, ọmọkùnrin kan bá mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù fún ogún ìṣẹ́jú, ọ̀rọ̀ náà sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ní kó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Iná ti lọ ládùúgbò rẹ̀ láti àná, fóònù ti kú, àwọn tó fẹ́ ra aṣọ sì ń bú mi. Inú bí mi gidigidi. Ó pẹ́ kí n tó gbà pé èmi gan-an ni mo jẹ̀bi jù: n kò béèrè bí iná ṣe rí lọ́dọ̀ rẹ̀, n kò kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún un, n kò sì rí i kó ṣe iṣẹ́ ẹyọ kan kí n tó gbà á.

Aṣọ àdìrẹ ni mò ń tà n'Íbàdàn. Lónìí, ẹni tó ń dá oníbàárà lóhùn ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹni tó ń bá mi ṣe ìwé owó sì wà l'Ákùrẹ́. Ohun tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí, oníṣòwò kékeré bíi tèmi ni mo kọ ọ́ fún, ẹni tó fẹ́ gba òṣìṣẹ́ kan, méjì, tàbí mẹ́wàá. Àwọn iléeṣẹ́ ńlá ní agbẹjọ́rò tiwọn.

1. Ṣé iṣẹ́ náà ṣeé tilé ṣe?

Iṣẹ́ tí ẹ lè gbà lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é láìfojú kàn án ló ṣeé tilé ṣe: dídá oníbàárà lóhùn, ìwé owó, àwòrán ìpolówó, ìkọ̀wé, gbígbé ọjà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Dídi ẹrù kò sí níbẹ̀, wíwọn aṣọ kò sí níbẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá da méjèèjì pọ̀, ẹ yà wọ́n sọ́tọ̀ kí ẹ tó wá ènìyàn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó gba ẹni tó wà lọ́nà jíjìn tán, ẹ ó tún máa pè é pé kó wá bá yín ka aṣọ.

Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ẹni tó bá wà nílé yóò kàn máa sùn, kí wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Ctrip, iléeṣẹ́ tó ń bá àwọn arìnrìn-àjò ra tíkẹ́ẹ̀tì ní Shanghai, lórílẹ̀-èdè Ṣáínà. Láàárín ọdún 2010 sí 2011, Nicholas Bloom ti Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi oṣù mẹ́sàn-án dán an wò níbẹ̀ pẹ̀lú òṣìṣẹ́ 249 tó ń gba ìpè oníbàárà. Apá kan ń ṣiṣẹ́ nílé, apá kan dúró sí ọ́fíìsì. Iṣẹ́ àwọn ará ilé fi ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ ju ti àwọn ará ọ́fíìsì lọ, iye àwọn tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ láàárín wọn sì wálẹ̀ dé ìdajì. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ̀rọ̀ náà délẹ̀. Àwọn tó fúnra wọn yọjú pé àwọn fẹ́ ẹ ni wọ́n lò, wọ́n sì gbọ́dọ̀ ti lo oṣù mẹ́fà lẹ́nu iṣẹ́, kí wọ́n ní yàrá tí wọ́n lè dá jókòó sí àti íntánẹ́ẹ̀tì gidi. Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n ń lò nílé, wọ́n á wá sí ọ́fíìsì ní ọjọ́ karùn-ún. Nígbà tí wọ́n parí, tí wọ́n ní kí kálukú yan èyí tó wù ú, bí ìdajì àwọn tó wà nílé ló padà sí ọ́fíìsì, àdáwà ti sú wọn. Ilé lásán kọ́ ló mú iṣẹ́ náà yọrí. Yàrá ni, nẹ́tíwọ̀ọ̀kì ni, mímọ iṣẹ́ tẹ́lẹ̀ ni.

2. Ẹ kọ iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó kéde rẹ̀

Ẹ mú ìwé kan, kí ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹni náà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ má kọ irú ènìyàn tó yẹ kó jẹ́. “Olóòótọ́”, “aláápọn”, “ẹni tó já fáfá”, kò sí ẹni tí kò ní í fi wọ́n sára CV tirẹ̀, títí kan olè. Bí mo ṣe kọ tèmi nìyí:

Láti aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dé aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, Ajé sí Ẹtì, kí ìṣẹ́jú 15 má kọjá kí oníbàárà tó gbọ́ èsì. Gbogbo ọjà tí wọ́n bá rà, kó wọ Google Sheets (ìwé àkọsílẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì) lọ́jọ́ náà: orúkọ, iye yáàdì, àwọ̀, àdírẹ́sì, owó tó wọlé. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ká dá owó òun padà, kó fi tó mi létí, kó má dá a ṣe. Ní aago márùn-ún, kó kọ ìlà mẹ́ta sí mi: ohun tó parí, ohun tó kù, ohun tó ń dí i lọ́wọ́.

Ìlà mẹ́ta yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí ojú ọ̀gá ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí ẹ kò bá lè kọ iṣẹ́ kan sílẹ̀ báyìí, a jẹ́ pé inú orí yín nìkan ló ṣì wà, ẹni tó wà l'Ákùrẹ́ kò sì lè wo inú orí yín. Ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara yín ṣe é fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ẹ máa kọ gbogbo ohun tí ẹ bá ń ṣe sílẹ̀. Ẹnu á yà yín sí iye nǹkan tí ẹ ń ṣe láìmọ̀.

Ẹ kọ wákàtí, kí ẹ sì sọ aago ibo ni. Kútọnu àti Èkó ń lo aago kan náà, àmọ́ Lomé fi wákàtí kan wà lẹ́yìn wa. London bá wa dọ́gba nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tiwọn, nígbà tí òtútù bá dé, tiwọn á fi wákàtí kan lọ sẹ́yìn. Àwọn ọmọ wa tó wà lọ́hùn-ún, alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rántí aṣọ ẹbí. Bí ẹ bá fẹ́ kí òṣìṣẹ́ yín wà lórí ìjókòó ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹ sọ ọ́ kó tó gbaṣẹ́.

3. Owó àti iná

Ẹ fi iye owó oṣù sínú ìkéde. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀, a fẹ́ kọ́kọ́ mọ iye tí ẹnì kejì máa pè, bí ìgbà tí a bá ń nájà. Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹ ó fi ọ̀sẹ̀ méjì bá ẹni tí ẹ kò lè san owó rẹ̀ sọ̀rọ̀. Owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin Nàìjíríà di ₦70,000 ní oṣù Keje ọdún 2024. Òfin náà kò de iléeṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ìyẹn ṣe àwáwí láti san ₦40,000 yóò máa wá òṣìṣẹ́ tuntun ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta.

Owó dátà àti owó iná kò sí lára owó oṣù. Nígbà tí òṣìṣẹ́ wà nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ̀yin lẹ ń ra epo sínú jẹnẹrétọ̀. Nígbà tó wà nílé, jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀ ló ń jẹ epo, epo ọ̀hún kò sì rọjú rárá láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ẹ ya owó kan sọ́tọ̀ fún méjèèjì, kó dá dúró lórí ìwé, kó má wọ inú owó oṣù.

Ẹ wá béèrè bí iná ṣe rí níbi tí ẹni náà ń gbé. “Ṣé ẹ ní iná?” kì í ṣe ìbéèrè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ni gbogbo ènìyàn máa dáhùn. Ẹ béèrè pé Band wo ni wọ́n wà. Lábẹ́ ètò tí wọ́n fi ń pín iná, Band A yẹ kó rí wákàtí 20 lójúmọ́, Band B 16, Band C 12, Band D 8, Band E 4. Yíyẹ àti rírí kì í ṣe ọ̀kan náà, gbogbo wa mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó fún yín ní ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè èyí tó ṣe pàtàkì jù: “Nígbà tí NEPA mú iná gbẹ̀yìn fún ọjọ́ kan gbáko, kí lẹ ṣe?” Ẹni tó sọ fún mi pé òun máa ń gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n òun tó ní sólà, òun ni mo gbà. Àwọn tó ní “Ọlọ́run á ṣe é”, mo bá wọn ṣe àmín.

Bákan náà ni nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn wáyá íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Ivory Coast, bánkì àti àwọn iléeṣẹ́ fóònù kan ní Nàìjíríà sì fara gbá a. SIM méjì láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kẹ́ ẹ ní kí òṣìṣẹ́ yín ní.

Ẹ má tìtorí iná lé ẹni tó mọṣẹ́ lọ, o. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dá ṣáṣá tí iná kò sì sí lọ́dọ̀ rẹ̀, ẹ ra inverter kékeré fún un, kí ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ti iléeṣẹ́ ni. Mo ti ra méjì, n kò sì kábàámọ̀.

4. Ibi tí ẹ ó ti rí wọn

Jobberman wà, LinkedIn wà, WhatsApp status yín náà wà. Àwọn agùnbánirọ̀ tó ń parí sìnlú wà níbi gbogbo. Èyí tó ti ṣe mí lóore jù ni kí n béèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ dáadáa pé ta ló mọ̀ tó dà bíi tirẹ̀.

Gbájú-ẹ̀ ti pọ̀ débi pé ẹni tó gbọ́n máa ń sá fún iṣẹ́ “láti ilé”. Nítorí náà, ẹ kọ orúkọ iléeṣẹ́ yín bó ṣe wà lọ́dọ̀ CAC (àjọ tó ń forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀), àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù, àti gbólóhùn kan pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ san kọ́bọ̀ torí fọ́ọ̀mù tàbí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ má béèrè NIN tàbí BVN lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wáṣẹ́. Láti ọdún 2023 ni Nàìjíríà ti ní òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni ara ẹni. Ohun tí ẹ kò nílò, ẹ má gbà á, kí ẹ sì pa CV àwọn tí ẹ kò mú rẹ́.

Ẹ fi àṣẹ kékeré kan sínú ìkéde, fún àpẹẹrẹ: “Kí ẹ kọ àwọ̀ àdìrẹ tó wù yín jù sí ìlà àkọ́kọ́.” Iṣẹ́ tilé-ṣe, ìwé kíkà ni ìdajì rẹ̀. Ẹni tí kò bá ka ìkéde parí kò ní í ka ohun tí oníbàárà kọ parí.

5. Iṣẹ́ ìdánwò

Ibí ni kí ẹ ti lo àkókò yín jù. Ẹnu dùn ún ròfọ́, agada ọwọ́ dùn ún ṣánko. Nínú gbogbo àwọn tó fi CV ránṣẹ́, ẹ yan mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ fún gbogbo wọn ní iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà, iṣẹ́ wákàtí méjì tàbí mẹ́ta, kí ẹ sì sanwó rẹ̀ fún ẹni tó ṣe é dáadáa àti ẹni tó bà á jẹ́. Ẹ sanwó, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ ọ̀fẹ́ tí àwọn kan ń pè ní ìdánwò, olè jíjà ni lójú tèmi, ẹni tó dáńtọ́ tó ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́ kò sì ní í ṣe é. Ẹni tí kò ríṣẹ́ rárá nìkan ni yóò kù sí yín lọ́wọ́.

Kí ni kẹ́ ẹ fún wọn ṣe? Ohun tó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ṣọ́ọ̀bù yín. Mo kó ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tí oníbàárà kọ sí mi jọ, mo yí orúkọ àti nọ́ńbà wọn padà, mo ní kí wọ́n dá wọn lóhùn. Màmá kan wà nínú wọn, l'Abẹ́òkúta, tó sanwó yáàdì márùn-ún, mẹ́rin ló bá nínú ẹrù, ó sì ti ń ṣépè. Ẹnì kan wà tó ní òun ti fi owó ránṣẹ́, àmọ́ àwòrán tó fi ṣe ẹ̀rí jẹ́ ti oṣù tó kọjá. Ẹnì kan béèrè iye aṣọ kan tí kò sí nínú ìwé iye owó tí mo fún wọn rárá. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó bá fi ẹnu ara rẹ̀ dá iye lé e, n kò lè gbà á. Ẹni tó bá kọ̀wé sí mi pé “Ẹ jọ̀ọ́ mà, n kò rí iye eléyìí” ti fi hàn mí bí yóò ṣe máa ṣe nígbà tí n kò bá sí nítòsí.

ChatGPT lè bá wọn kọ èsì tó dán, n kò sì bínú sí ẹni tó bá lò ó. Ṣùgbọ́n kò mọ̀ pé àwòrán ìsanwó yẹn ti pẹ́ bí ẹni tó lò ó kò bá wò ó. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò fi gbọ́dọ̀ ti inú iṣẹ́ yín wá, kó má jẹ́ èyí tí ẹ rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Kí ẹ tó ka èsì wọn, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wá sílẹ̀ àti máàkì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé. Ẹ ní kí ẹlòmíràn yọ orúkọ kúrò lórí iṣẹ́ náà kó tó dé ọwọ́ yín, nítorí ọmọ ìlú ẹni, ọmọ ìjọ ẹni, ọmọ ọ̀rẹ́ ìyá ẹni, gbogbo wọn ló máa ń tẹ òṣùwọ̀n. Ẹ tún wo ìgbà tí iṣẹ́ dé. Ẹni tó bá pẹ́ àmọ́ tó ti sọ fún yín ṣáájú pé òun máa pẹ́, ó ṣeé bá rìn. Ẹni tó dákẹ́, tó wá fi ìtàn gígùn ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ẹ rántí pé ojú tó máa bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin.

6. Ẹ wá bá wọn sọ̀rọ̀

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ wọn ni kí ẹ tó wo ojú wọn. Ìpè kan lórí Zoom tàbí Google Meet tó. Bí ẹ bá pé mẹ́ta, ti ọ̀fẹ́ lórí Zoom á parí ní 40 ìṣẹ́jú, ti Google Meet ní wákàtí kan. Ìbéèrè kan náà ni kí ẹ bi gbogbo wọn, kó sì dá lórí ohun tí wọ́n ti ṣe rí: “Ẹ sọ ìgbà kan tí ẹ ṣe àṣìṣe lẹ́nu iṣẹ́ tí ọ̀gá yín kò tíì mọ̀. Báwo ni ó ṣe wá mọ̀?” Bí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì bá já, ẹ má yọ máàkì. Ẹ wo bó ṣe yára padà, tàbí bóyá ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ kí ẹ tó pè é. Ẹ má béèrè nípa ìgbéyàwó tàbí oyún, kò kàn yín.

Ẹ pe ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ wọn á kàn máa yìn ín torí wọn ò fẹ́ ba tọmọ ọlọ́mọ jẹ́, nítorí náà ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń bi wọ́n: “Bí àyè bá ṣí sílẹ̀ lọ́la, ṣé ẹ ó tún gbà á?” Ẹ fetí sí bí wọ́n bá dákẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó fèsì. Ní ti onídùúró, ẹ gbà á bí ọwọ́ òṣìṣẹ́ náà yóò bá kan owó, ṣùgbọ́n onídùúró kò lè bá yín ṣọ́ àkáǹtì.

7. Ìwé

Òfin òṣìṣẹ́ Nàìjíríà fún agbanisíṣẹ́ ní oṣù mẹ́ta láti fi àdéhùn sórí ìwé. Ẹ má dúró di ìgbà náà. Kí ẹni náà ti bu ọwọ́ lù ú kó tó bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ tí ẹ kọ sílẹ̀ yẹn, owó oṣù àti ọjọ́ tí yóò máa wọlé, owó dátà, wákàtí, ìsinmi, ẹ̀rọ tó jẹ́ ti iléeṣẹ́, àṣírí oníbàárà, oṣù ìdánwò, àti bí ẹ ó ṣe pínyà. Lábẹ́ òfin yẹn, bó bá ti lé ní oṣù mẹ́ta tí kò tíì tó ọdún méjì, ọ̀sẹ̀ kan ni kí ẹni tó fẹ́ lọ tàbí ẹni tó fẹ́ lé ni fi sọ fún ẹnì kejì. Bó bá ti tó ọdún márùn-ún, oṣù kan.

Owó orí ni ọ̀pọ̀ máa ń ṣe àṣìṣe lé lórí. Ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ ń gbé ló ni PAYE rẹ̀, ìyẹn owó orí tí ẹ ń yọ nínú owó oṣù rẹ̀. Iléeṣẹ́ yín lè wà l'Ékòó. Bí òṣìṣẹ́ bá ń gbé l'Ákùrẹ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó ni owó náà ń lọ. Ẹni tó bá ní òṣìṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ mẹ́ta, ọ́fíìsì owó orí mẹ́ta ló ń bá ṣe. Lábẹ́ òfin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó tí wọ́n fi ń ṣírò owó orí lọ́dún kò ní owó orí lórí. Bí òṣìṣẹ́ yín bá ti pé 15, owó ìfẹ̀yìntì di dandan: ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ yín, 8 láti ọwọ́ tirẹ̀, ó kéré tán. Ẹ jẹ́ kí akáńtáǹtì bá yín ṣe ìṣirò náà, pàápàá bí ẹni tí ẹ fẹ́ gbà bá wà ní Kútọnu tàbí Lomé, nítorí òfin ibẹ̀ yàtọ̀.

8. Kọ́kọ́rọ́ àti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́

Ẹ má fi password ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Kálukú gbọ́dọ̀ ní orúkọ ìwọlé tirẹ̀. Google Sheets ń fi ẹni tó yí nǹkan padà àti ìgbà tó yí i hàn, àmọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí gbogbo yín bá ń lo orúkọ kan. SIM ṣọ́ọ̀bù kò gbọ́dọ̀ kúrò lọ́wọ́ yín: WhatsApp gbà kí ẹ so ẹ̀rọ mẹ́rin mìíràn mọ́ nọ́ńbà kan, ẹ so ti òṣìṣẹ́ mọ́ ọn, kí fóònù gangan wà lọ́dọ̀ yín. Àkáǹtì iléeṣẹ́ nìkan ni owó oníbàárà ń wọ̀. N kò tíì rí ìdí kan tó tọ́ tí òṣìṣẹ́ fi yẹ kó fi nọ́ńbà àkáǹtì tirẹ̀ fún oníbàárà, kódà “fún ìgbà díẹ̀, mà.”

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ pè é láràárọ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ wo iṣẹ́ àná pọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Lẹ́yìn oṣù kan, ìlà mẹ́ta aago márùn-ún yẹn àti ìpè kan ní ọjọ́ Ajé ti tó fún wa. Àwọn kan ń ra ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán kọ̀ǹpútà òṣìṣẹ́ ní ìṣẹ́jú márùn-ún-márùn-ún. Mi ò lè dá wọn lẹ́jọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹ́ jókòó máa wo àwòrán kọ̀ǹpútà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, n bá kúkú dá oníbàárà lóhùn fúnra mi. Ẹ ka èsì márùn-ún tó fún oníbàárà lọ́sẹ̀ yẹn, ẹ fi owó inú bánkì wé ohun tó kọ sílẹ̀. Ibẹ̀ ni òótọ́ wà.

Ẹ sì rántí àdáwà tó lé àwọn ará Shanghai padà sí ọ́fíìsì. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, èmi ni mo máa ń san owó ọkọ̀, gbogbo wa á pàdé n'Íbàdàn, a ó jẹ àmàlà, a kì í sì sọ̀rọ̀ iṣẹ́ títí ọwọ́ á fi kúrò nínú àwo.

9. Bí ẹ bá fẹ́ pínyà

Ẹ sọ ọ́ lórí ìpè, ẹ má kọ ọ́ sórí WhatsApp. Kí ẹ tó parí ìpè náà, kí ẹnì kan ti yọ ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lára nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù, kó sì ti orúkọ ìwọlé rẹ̀ pa. Ẹ san gbogbo owó tó ṣẹ́kù fún un lọ́jọ́ náà, láìdúró de inverter tó máa dá padà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbé inverter náà wá. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ìwé tí ẹ kọ iṣẹ́ náà sí, kí ẹ fi ohun tí ẹni yìí ń ṣe tí kò sí níbẹ̀ kún un, kí ẹ tó kéde fún ẹlòmíràn.